Agọ̀ Titun, Ẹ̀mí Àtijọ́: Àtúnbẹ̀rẹ̀ Ìtàn Godzilla nínú Sinimá

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ti rí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìtàn rí. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ìtàn tí gbogbo ayé ti mọ̀ pe iṣẹ́ titun tí ó ṣe ti jẹ gbèsè: ó jẹ ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn náà ní gbèsè, ó sì jẹ àwọn tí ó ti fi í sọ́kàn láti ìgbà èwe wọn pẹ̀lú. Gbèsè yìí ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ sinimá nígbàkúùgbà tí a bá tún ìtàn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni ó sì máa ń mú kí ẹlòmíràn dìde kúrò nílé sinimá nígbà tí eré kò tíì parí. Ìtàn Godzilla, ẹranko abàmì àwọn ará Jàpáàn, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìtẹ̀síwájú ni kí ìtàn kejì máa bá a lọ láti ibi tí ti ìṣáájú dúró sí. Àtúnbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí i: olùṣe sinimá a pa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ tì bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí, a mú orúkọ àti ìrísí tí a ti mọ̀, a sì tún ìtàn pa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ sinimá a máa ṣe èyí nítorí pé orúkọ tí a ti mọ̀ a máa fa èrò ju orúkọ àjèjì lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1954, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù olóró kan wò ní Bikini, ní àárín òkun Pàsífíìkì. Eérú olóró rẹ̀ bọ́ sórí ọkọ̀ apẹja kan láti Jàpáàn, tí ènìyàn 23 wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ṣàìsàn. Ọ̀kan nínú wọn sì kú ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà náà, ọdún mẹ́sàn-án péré ni ó tíì kọjá tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti pa Hiroshima àti Nagasaki run. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1954 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Toho gbé Godzilla àkọ́kọ́ jáde, tí Ishirō Honda darí rẹ̀. Gojira ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Jàpáàn, àpapọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún ìnàkí àti fún àbùùbùtán. Nínú ìtàn náà, bọ́ǹbù ni ó jí ẹranko yìí láti ìsàlẹ̀ òkun. Ìbọn kò wọ ara rẹ̀, ọta àgbá kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Serizawa ni ó ṣe ohun tí ó pa á, ó sì bá a kú sísàlẹ̀ omi, kí àṣírí ohun náà má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajagun. Fún àwọn tí ogun ti jó ilé wọn, eléyìí kì í ṣe eré ẹranko lásán.

Láti 1954 títí di 1975, Toho ṣe sinimá Godzilla 15. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹranko tí ó jẹ́ ẹ̀rù di ọ̀rẹ́ àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1984, wọ́n pa 14 tì nínú wọn, wọ́n sì di ti àkọ́kọ́ nìkan mú. Onílé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe àtúnbẹ̀rẹ̀ yìí, gbòǹgbò ìtàn sì wà níbẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Agọ̀ a máa gbó, àwọn ọmọ ilé a sì máa fi aṣọ titun kún un. Síbẹ̀ eégún ilé kan kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ti ilé mìíràn. Kenpachiro Satsuma ni ó wọ aṣọ Godzilla láti 1984 títí di 1995.

Ní 1998, ilé iṣẹ́ TriStar ti Amẹ́ríkà, tí ó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Toho, gbé Godzilla tirẹ̀ jáde. Roland Emmerich ni ó darí rẹ̀. Níbẹ̀, bọ́ǹbù tí àwọn Faransé dán wò ni ó sọ ẹ̀dá kan tí ó jọ aláǹgbá di òmìrán. Ó wá yé ẹyin sí New York, ó ń sá fún àwọn ọmọ ogun, níkẹyìn ó há sáàárín àwọn okùn irin afárá Brooklyn, ọkọ̀ òfurufú ogun sì pa á. Kì í ṣe ìrísí rẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ohun ìjà ni ó bí ewu, ohun ìjà àwọn ọmọ ogun kò sì lè mú un kúrò. Nínú ti 1998, ohun ìjà wọn ni ó gba ìlú là. Nígbà tí Satsuma lọ wò ó, ó dìde, ó sì jáde kí ó tó parí. Ó ní èyí kì í ṣe Godzilla; kò ní ẹ̀mí rẹ̀ nínú.

Kí ni irú ìjáde bẹ́ẹ̀ lè ṣe? Ní ti ìṣirò owó, kò ṣe nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń san owó sinimá. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tí ó pàtẹ́wọ́, ti ẹni tí ó sùn, àti ti ẹni tí ó bínú jáde, ọgbọọgba ni wọ́n nínú ìwé olówó. Sinimá yìí pa ju mílíọ̀nù 370 dọ́là lọ káàkiri ayé. Síbẹ̀, TriStar tí ó ti gbèrò láti ṣe mẹ́ta, ẹyọ kan náà ni ó ṣe mọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó jáde bá sọ níta ni ó ní agbára, nítorí òun ni ó ń pinnu bóyá èrò yóò padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, Toho ti dá Godzilla tiwọn padà sójú àgbo. Ní 2004, nínú Godzilla: Final Wars, wọ́n mú ẹranko ti Amẹ́ríkà wọlé kí Godzilla tiwọn lè ṣẹ́gun rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wọ́n ti gé orúkọ rẹ̀ kù sí Zilla: wọ́n yọ apá tí ó túmọ̀ sí Ọlọ́run ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá bínú jáde ni ó jàre. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń wá kiri, kò sì sí olùṣe sinimá tí ó lè dá ìyẹn padà fún un. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùwòran bi ara rẹ̀ ni èyí: kí ni gbòǹgbò ìtàn yìí? Ìyípadà náà ha bu omi sí i, tàbí ó gé e? Ní 2023, Takashi Yamazaki gbé Godzilla Minus One jáde. Ó dá àwọn ènìyàn titun sínú ìtàn. Olórí wọn jẹ́ awakọ̀ òfurufú kan tí ó sá fún iṣẹ́ ikú tí a rán an lójú ogun, tí ọkàn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó wọ aṣọ ẹranko mọ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀, ìbànújẹ́ ogun tí ó wà nínú iṣẹ́ Honda wà níbẹ̀ digbí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ àrà inú àwòrán rẹ̀.

Satsuma kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí sinimá yìí kò tíì pé oṣù méjì tí ó jáde. Aṣọ tí òun wọ̀ fún ọdún mọ́kànlá ti kúrò lójú agbo, ṣùgbọ́n ohun tí ó torí rẹ̀ dìde kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ kò tíì kúrò. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tí ó ti fín kò lè parun. Sinimá 1954 ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Àtúnbẹ̀rẹ̀ burúkú kò pa á rẹ́, àtúnbẹ̀rẹ̀ rere a sì máa rán ènìyàn padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.