Ta Ló Ya Àwòrán Bọ́lẹ̀kájà?

Bí o bá bi àgbà kan nípa Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ: Taffy Jones, ẹnjiníà tó jẹ́ òyìnbó, tí wọ́n ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1929. Ṣùgbọ́n lọ́rì onípákó tó ń gun òkè Mápó tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń kó iṣu, èlùbọ́, ewúrẹ́ àti àwọn ìyá wa lọ sí Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ta ló ya àwòrán tirẹ̀? A kì í bèèrè. A kàn ń pè é ní bọ́lẹ̀kájà, a sì ń fi rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ó wà lára ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe jù lọ nílùú yìí ní ọ̀rúndún tó kọjá.

Ní 1931 ni ilé-iṣẹ́ Bedford, tí wọ́n ń lo lọ́rì rẹ̀ fún bọ́lẹ̀kájà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì ní Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe odindi ọkọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Ṣaṣí ni: irin gbọọrọ méjì, ẹ́ńjìnnì, táyà, sítíárì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò ní òrùlé, kò ní ìjókòó. Ṣaṣí lásán kì í gba àyè púpọ̀ nínú ọkọ̀ òkun, owó tí wọ́n fi ń kó o sì dín kù. Igi kúkú pọ̀ nílẹ̀ wa. Káfíńtà ló ń sọ irin yẹn di ọkọ̀.

Kí nìdí tí káfíńtà fi ṣe é bó ṣe ṣe é? Ẹ jẹ́ ká wo Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Rélùwéè dé síbí ní 1901, wọ́n sì la ọ̀nà mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í wọ oko, oko sì ni kòkó wà. Àwọn oníṣòwò ló rí àlàfo yẹn. Olóyè Salami Agbájé ti Ayéyé, tó ti kọ́kọ́ ń ta gẹdú fún rélùwéè, fowó lé iṣẹ́ lọ́rì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ṣòwò ọkọ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1930 sí 1939, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò kó tó di olóṣèlú tí gbogbo ayé mọ̀.

Ilé méjì ni ará Ìbàdàn ń gbé: agboolé ní Bẹyẹrúnkà tàbí Ọjà'ba, àti abúlé lóko. Òkú, ìgbéyàwó, ìkómọ àti ọdún ń pè é wálé. Kòkó àti iṣu ń pè é padà. Ọkọ̀ tó bá máa sin irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti èrò nìkan, kò sì lè jẹ́ ti ẹrù nìkan. Ibí gan-an ni ọgbọ́n káfíńtà ti hàn. Pákó gbọọrọ tí èrò ń jókòó lé ṣeé yọ. Bí èrò bá pọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ. Bó bá di ìgbà kòkó, wọ́n á yọ ọ́, àpò á gba gbogbo inú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kì í ní fèrèsé, atẹ́gùn ń wọlé fàlàlà, wọ́n á sì ta tapólì sílẹ̀ bí òjò bá ṣú. Ìrókò ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí ikán kì í sáré jẹ ẹ́, omi kì í sì í tètè bà á jẹ́. Bí pákó kan bá ṣẹ́ lọ́nà oko, káfíńtà abúlé lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bọ́dì onírin tí wọ́n bá ṣe láti òkè òkun kò ní irú oore yẹn.

Ẹ wo ọmọ ọkọ̀ náà. Kì í jókòó. Ẹ̀yìn ló ń rọ̀ mọ́, ìtì igi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó tí búréèkì kò sì mú, á fò bọ́ sílẹ̀, á ki igi náà bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ tó yí padà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ló mú kí èyí ṣeé ṣe.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú ọgbọ́n yìí ti wáyé. Ní àsìkò kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà, pàápàá ní Califọ́níà, ń kan ilé kékeré kan tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, tó rí roboto níwájú tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn bí ìkán omi. Èèyàn méjì ló ń sùn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ilé ìdáná nìyẹn. Fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 4, gígùn 8, ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni pákó pílíwúùdù kan ṣe tóbi. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, alumíníọ̀mù pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì fi ń bo ara rẹ̀. Ohun tó wà nítòsí àti ohun tí ọkọ̀ máa kó ló pinnu bó ṣe rí, gẹ́gẹ́ bíi ti bọ́lẹ̀kájà wa.

N kò ní sọ pé bọ́lẹ̀kájà rọrùn láti wọ̀. Orúnkún ń kan orúnkún, èrò ń bá ara wọn jà, bí ọkọ̀ bá sì dànù, pákó kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mí ṣòfò gan-an. Ìdí abájọ nìyẹn tí àwọn èèyàn kò fi ṣọ̀fọ̀ nígbà tí dánfó gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà iṣẹ́ yẹn kò kú: orí ṣaṣí lọ́rì Mercedes 911 ni àwọn wẹ́dà ti kọ́ mólúè, títí dòní ni lọ́rì ẹrù tí bọ́dì rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n kùn láwọ̀ mèremère sì ń rìn lójú ọ̀nà wa.

Ìyàtọ̀ kan ló ń dùn mí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1947, ìwé ìròyìn Mechanix Illustrated tẹ àwòrán ilé kékeré yẹn jáde, pẹ̀lú ìwọ̀n gbogbo pákó, torí náà ẹni tó bá ní ayùn lè kan tirẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ojú àwọn káfíńtà ni ìwọ̀n bọ́lẹ̀kájà wà. Àwọn àgbà tó kan án kò pọ̀ mọ́. Kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ilé yíyà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Pólì gbé téèpù àti bírò, kí wọ́n lọ wá àwọn àgbà náà, kí wọ́n bi wọ́n bí bẹ́ńṣì ṣe ga tó, irú igi tó wà nísàlẹ̀, àti ibi tí bóòtù ti so pákó mọ́ irin.