Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ológun: Ọjọ́ Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kubwa, nílùú Àbújá. Bọ̀dá mi wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nípasẹ̀ MAVNI, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 láti gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí àwọn ológun nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Nígbà tí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n padà wálé, wọ́n béèrè owó gbà-má-bìínú nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì níbẹ̀. VA fèsì pé kò sí ẹ̀rí tó so àìsàn náà mọ́ iṣẹ́ ológun.

Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká wá ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá fara hàn láàárín ọdún kan tí ológun kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó sì dé ìwọ̀n 10% tí VA fi ń díwọ̀n bí àìsàn ṣe le tó, òfin gbà pé iṣẹ́ náà ló fà á. Ìwọ̀n yẹn ni kí nọ́ḿbà òkè nínú BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, máa jẹ́ 160 sókè lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí kí ti ìsàlẹ̀ máa jẹ́ 100 sókè. Ìgbà méjì, ó kéré tán, ni wọn yóò wọn BP lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin yìí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní oríta Berger, BP rẹ̀ lè fò sókè láìṣe pé àìsàn ń ṣe é.

A rí káàdì ilé ìwòsàn kan tí wọ́n lò kí ọdún náà tó pé: 168/104 ló wà níbẹ̀, òmíràn sì tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kejì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: òfin PACT ti 2022 fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún àìsàn tí VA ń gbà fún àwọn tí oògùn apagi Agent Orange kàn, bí àwọn tó ja ogun Vietnam. Afghanistan ni bọ̀dá mi lọ. Kò kàn wọ́n.

Láti 2019, ẹni tí èsì VA kò tẹ́ lọ́rùn lè mú ẹ̀rí tuntun wá, ó lè ní kí ọ̀gá kan tún fáìlì náà yẹ̀ wò láìfi nǹkan kún un, ó sì lè lọ síwájú àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn. Káàdì yẹn la mú lọ bí ẹ̀rí tuntun, lórí fọ́ọ̀mù 20-0995. Bí ọdún kan kò bá tíì kọjá lórí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, owó náà ṣì lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru náà bá sì di àrùn ọkàn lọ́la, wọ́n lè béèrè fún ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀dà ìwé ìlera wọn kí wọ́n tó kúrò ní bárékè. Bí wọ́n bá sì wálé, ẹ mú wọn lọ wọn BP láàárín ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ tọ́jú káàdì náà.