Ìperí fún Ìtọ́jú Àìbàlẹ̀-Ọkàn: Ayé Inú Awò-Ojú

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìlú tí a kọ́ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà tó wáyé ní Èkó ní 1977 gba orúkọ àjọ̀dún náà, Festac. Àwọn ará Èkó yá ọ̀rọ̀ náà lò bẹ́ẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Orúkọ àrùn àti ti ìtọ́jú kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí aláìsàn bá gbọ́ ni yóò fi pinnu ohun tí yóò ṣe.

1. Àrùn náà
Àpẹẹrẹ wa ni àrùn tí James Parkinson kọ̀wé lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1817. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè dópámíìnì nínú ọpọlọ a máa kú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ a máa gbọ̀n, ara a gan, ìrìn a falẹ̀. Bí a bá pè é ní “àrùn ọpọlọ”, wèrè ni ará ilé yóò gbọ́. “Àrùn tí kò gbóògùn” tilẹ̀ burú jù. Lóòótọ́, a kò tíì rí ohun tí ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n oògùn levodopa, tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1960, a máa dín ìnira rẹ̀ kù. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé kò gbóògùn lè pa oògùn tì. A dábàá “àrùn ètò ìjíṣẹ́-ọpọlọ tí ń le sí i díẹ̀díẹ̀”. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà.

2. Ìmọ̀lára náà
Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìdààmú. “Ìbẹ̀rù” ní ohun tí a ń bẹ̀rù. “Àníyàn” lè jẹ́ ti owó ilé-ìwé lásán. Láti inú “ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀” ni a ti fa “àìbàlẹ̀-ọkàn” yọ, kí ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ “ìfọkànbalẹ̀”.

3. Ẹ̀rọ náà
Ivan Sutherland ṣe ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ní 1968; ní 2016, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní Èkó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Awò ńlá ni a fi ń bo ojú. Bí orí bá yí, àwòrán a yí pẹ̀lú rẹ̀. Aláìsàn a rí etíkun, a gbọ́ ìró omi. “Ìran” àti “idán” kò yẹ ẹ́, nítorí àrùn yìí máa ń mú kí àwọn kan rí ohun tí kò sí níbẹ̀. “Ayé inú awò-ojú” ni a yàn. Kí a má ṣe yọ “ojú” kúrò: láìsí àmì ohùn, “awò” a di “awo”.

Ìtọ́jú yìí kì í wo àrùn sàn. Ó lè mú ọkàn balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òòyì sì lè kọ́ni, nítorí náà ìjókòó ló dára jù. Bí a bá fẹ́ dán ìperí wa wò, kí nọ́ọ̀sì sọ fún àgbàlagbà kan ní Festac pé: “Bàbá, ẹ jókòó. Ayé inú awò-ojú ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá yọ awò náà, inú ilé yín náà ni ẹ wà.” Bí bàbá bá lóye rẹ̀ láìbẹ̀rù, ìperí náà ti jíṣẹ́.