Igi Tí Ó Gbé Ìbọn Ró

Bí a bá dárúkọ ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́, irin àti ẹ̀tù ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n lójú àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó ti ilẹ̀ Jámánì àti Switzerland wá tẹ̀dó sí Lancaster, ní Pennsylvania ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1700 àti 1800, yíyan igi kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Igi maple ni wọ́n fẹ́ràn, pàápàá èyí tí ìlà ara rẹ̀ rí bí ìgbì omi. Ó wuyì, ṣùgbọ́n ó ní ewu. Ìdìmú ìbọn ìléwọ́ tẹ̀, ó sì tín-ín-rín. Bí iṣan igi bá dábùú ibẹ̀, ó lè ṣẹ́ nígbà tí ìbọn bá dún. Nítorí náà, oníṣẹ́ a wá pákó tí iṣan rẹ̀ tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdìmú náà yóò ti tẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a fi èéfín fìtílà kun ọ̀pá irin, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ibi tí ó bá dúdú ni yóò gbẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, títí irin yóò fi jókòó ṣinṣin. Bákan náà ni ó ń ṣe fún ẹ̀rọ tí akọ òkúta rẹ̀ ń lu irin, kí iná lè ta sí ẹ̀tù. Níkẹyìn, a fi ásíìdì tí irin ti yọ́ sínú rẹ̀ kun igi, a sì yá a níná. Nígbà náà ni ìgbì ara rẹ̀ ń hàn kedere.

Ṣùgbọ́n kí ni èrè ẹwà, bí igi bá ṣẹ́ mọ́ ẹni tí ó yìnbọn lọ́wọ́? Ìwà l'ẹwà, iṣan igi sì ni ìwà ìbọn.