Òtítọ́ Kò Mọ Ọ̀tá

Bí ọmọ ilé-ìwé bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ìdí tí ọsàn fi ń já bọ́ sílẹ̀, olùkọ́ yóò dáhùn pé agbára òòfà ilẹ̀ ni. Isaac Newton, ọmọ Ìlú Ọba, ni ó fi ìṣirò agbára yìí han aráyé ní ọdún 1687, ìṣirò náà sì wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n Newton kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe ń fa ohun tí kò fara kàn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1915, Albert Einstein gbé èsì mìíràn kalẹ̀ ní Berlin, olú-ìlú Jámánì. Ó ní àyè tí a wà nínú rẹ̀ àti àkókò tí a ń kà kì í ṣe ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; a hun wọ́n pọ̀ bí aṣọ kan ṣoṣo ni, ohun tí ó bá sì wúwo a máa tẹ aṣọ náà wọnú. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́rin di igun aṣọ kan mú kí ó le, kí a gbé òkúta sí àárín rẹ̀, kí a sì yí ọmọ ayò kan láti etí rẹ̀. Ọmọ ayò náà yóò yà sí ọ̀dọ̀ òkúta, bẹ́ẹ̀ òkúta kò na ọwọ́ sí i. Àfiwé lásán ni èyí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ayé wa ṣe ń yí oòrùn ká. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tí a kò lè gbé ka orí òṣùwọ̀n, kò lè ṣàì tẹ̀lé ọ̀nà tí ó tẹ̀ náà.

Báwo ni a ó ṣe dán ọ̀rọ̀ yìí wò? Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, Einstein ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó kọjá lẹ́bàá oòrùn yóò yẹ̀ ní ìwọ̀n 1.75 nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò Newton, bí ìdajì èyí ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni í rí ìràwọ̀ lẹ́bàá oòrùn, àfi ní ọjọ́ tí òṣùpá bá dí ojú oòrùn pátápátá?

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919. Ogun ńlá tí Ìlú Ọba àti Jámánì bá ara wọn jà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Ìlú Ọba ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti lọ dán ọ̀rọ̀ ará Jámánì wò. Àwọn kan lọ sí Sobral ní ilẹ̀ Brazil; Arthur Eddington àti ẹnì kejì rẹ̀ lọ sí Príncipe, erékùṣù kan ní gúúsù etíkun Nàìjíríà. Òjò rọ̀ ní Príncipe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run. Nínú àwòrán 16 tí wọ́n yà, díẹ̀ ni ó wúlò. Ìwọ̀n ti Príncipe jẹ́ 1.61, èyí tí ó dára jù ní Sobral jẹ́ 1.98. Wọ́n sì kéde ní London pé ti Einstein ni ó borí ti Newton, ọmọ ìyá wọn. Àwọn kan ṣiyè méjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n mìíràn tí ó péye ju èyí lọ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, a rọ̀ yín kí ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ìtàn yín ni pẹ̀lú. Bí alátakò bá sọ̀rọ̀, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè ẹgbẹ́ tí ó wà. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé òṣùwọ̀n. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1918 ni ìbọn dákẹ́. Ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1919 ni London gba ọ̀rọ̀ ọ̀tá àná gbọ́. Ọdún kan kò tíì pé.