Kí ló dé tí orin Fẹlá kò gba àmì-ẹ̀yẹ orin ní Broadway?

Bí aago bá lu mẹ́jọ alẹ́ ní New York nínú oṣù Kẹfà, tí ètò àmì-ẹ̀yẹ Tony fún eré orí ìtàgé ń bẹ̀rẹ̀, aago kan òru ti lù ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó níbí yóò ra dátà sílẹ̀, yóò sì gbà pé oorun ọjọ́ yẹn ti lọ. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ràn eré olórin kò pàdánù. Owó ìwọlé kan ní Broadway, àdúgbò eré ìtàgé ní New York, lè ju 100 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn eré olórin tí wọ́n yàn máa ń wá fi díẹ̀ nínú ijó àti orin wọn hàn lọ́fẹ̀ẹ́.

1947 ni wọ́n dá àmì-ẹ̀yẹ yìí sílẹ̀, orúkọ òṣèrébìnrin Antoinette Perry ni wọ́n sì gé kúrú tó di Tony. Láti 1967 ni gbogbo Amẹ́ríkà ti ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tó kàn wá jù ni ti ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, 2010. Eré *Fela!*, tó dá lórí olórin wa Fẹlá Aníkúlápó-Kuti, tó ti wà ní gbọ̀ngàn Eugene O'Neill láti oṣù Kọkànlá 2009, ni wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ 11. *La Cage aux Folles* nìkan ló bá a dọ́gba. Inú Shrine, ilé ijó Fẹlá ní Èkó, ni ìtàn *Fela!* ti wáyé, lẹ́yìn tí àwọn sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá, ní oṣù Kejì 1977, tí wọ́n dáná sun ún, tí wọ́n sì ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè sísàlẹ̀. Ìyá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lillias White, tó ṣe ìyá yìí nínú eré, wà lára àwọn tí wọ́n yàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́ta péré ló bọ́ sọ́wọ́ wọn: Bill T. Jones gba ti ijó, Marina Draghici gba ti aṣọ, Robert Kaplowitz gba ti ìtò ohùn. *Memphis* ló gba ti eré olórin tó dára jù, òun náà ló gba ti orin.

Orin Fẹlá ńkọ́? Kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí wọ́n yàn. Kì í ṣe ìlara. Òfin Tony ni pé orin tí wọ́n dìídì kọ fún ìtàgé nìkan ló lè du àmì-ẹ̀yẹ orin. Inú Shrine àti inú àwo ni Fẹlá kọ tirẹ̀ sí, ó sì ti kú láti 1997.

N kò bá òfin náà jà. Ẹni tó bá ti rí egúngún Ẹ̀pà ní apá àríwá Èkìtì, tó ru igi gbígbẹ́ tó wúwo lórí, tó sì ní láti fò gun òkìtì láìṣubú, mọ̀ pé ẹsẹ̀ àti ẹrù orí ni ojú ń wò. Ta ló ń bèèrè ẹni tó kọ orin? Ibi ijó ni *Fela!* náà ti gbégbá orókè.

Oṣù Kẹrin 2011 ni wọ́n gbé eré náà wá sí Èkó. Lẹ́yìn náà ni Bọ́láńlé Austen-Peters gbé *Fela and the Kalakuta Queens* jáde ní 2017. Síbẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ AMVCA tí à ń wò níbí, fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ló wà fún. Ẹ̀yin iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa, ẹ fún eré orí ìtàgé ní alẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún, ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kí a tó sùn.