Ìtalólobó, Ìkìlọ̀ àti Ìyàgò: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìjì Òkun àti Omíyalé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey kọlu ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyá tí ó bí mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò kan létí odò Brazos, nítòsí ìlú Houston. Ó lọ bá a wẹ ọmọ tuntun ni. Ìyá wa kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tí yóò fi lè tẹ̀lé ìkéde orí tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń ṣe ògbufọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wí pé wọ́n ń kìlọ̀ pé omi lè dé. Ní ọjọ́ Àìkú, ó tún wí pé wọ́n ń kìlọ̀ pé omi ń bọ̀. Ìyá wa dá a lóhùn pé, “Ṣebí láti ìjẹta ni wọ́n ti ń kìlọ̀? Ẹ jẹ́ kí n wẹ ọmọ mi.”

Ìkéde méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Nínú èdè àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ibẹ̀, ti àkọ́kọ́ ń sọ pé ipò ojú-ọjọ́ lè bí àkúnya omi, kí onílé palẹ̀ mọ́. Ti èkejì ń sọ pé omi ti ń bọ̀ tàbí pé ó ti dé, kí onílé má ṣe dúró mọ́. ‘Ìkìlọ̀’ ni Yorùbá tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ fún méjèèjì. Kì í ṣe òun ni ó jẹ̀bi. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni kò ì tíì fún un ní ọ̀rọ̀ méjì.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ti ọmọ Yorùbá nínú ìjì òkun, nígbà tí irú rẹ̀ kì í jà nílé wa. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ó le jù nínú ìjì tí ń ba ilẹ̀ Kúbà àti Amẹ́ríkà jẹ́, ìhà ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbéra. Láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, ìgbì afẹ́fẹ́ a máa ti ìlà-oòrùn la Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá, a sì bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì níhà erékùṣù Cape Verde. Bí ó bá bá omi òkun tí ìgbóná rẹ̀ tó 26.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì tú u ká, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí yípo. Ọ̀nà yìí gan-an ni Harvey gbà dé Texas.

Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ń sáré tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan, àwọn ará ibẹ̀ a pè é ní họ́ríkéènì, orúkọ tí àwọn ará Sípéènì gbà lẹ́nu àwọn Taíno, ọmọ onílẹ̀ àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Àwọn ìwé ìròyìn wa a máa pè é ní ‘ìjì líle’. Èyí kò tó. Ìjì líle ni ó ń ṣí òrùlé ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó dé, ó jà, ó sì lọ kí ọbẹ̀ tó jinná. Ti òkun a máa yípo, ó sì lè jà láti òru mọ́jú. Àbá tiwa ni ‘ìjì àyípo òkun’. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan dábàá ‘ìjì Ọya’, nítorí pé Ọya ni ó ni ẹ̀fúùfù, àwọn ọmọ Lùkùmí ní Kúbà kò sì gbàgbé èyí. Àbá náà dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n Ọya kan náà ni orúkọ odò Náíjà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘ìjì Ọya’ ní Jẹ́bà yóò ro ohun mìíràn.

Ibi tí ọ̀ràn ti di ti ẹ̀mí ni agbedeméjì ìjì náà. Ìjì àyípo òkun ní ihò kan láàrin, tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin kìlómítà 30 sí 65. Nígbà tí ihò yìí bá dé orí ìlú, afẹ́fẹ́ á dá wáí, oòrùn lè yọ, àwọn ènìyàn á sì rò pé ó ti parí. Wọn á jáde láti wo ohun tí ó bàjẹ́. Láìpẹ́, apá kejì á dé, afẹ́fẹ́ á sì máa ti òdìkejì ibi tí ó ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ wá. Ojú ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ihò yìí, àwọn atúmọ̀ èdè wa sì ti sọ ọ́ di ‘ojú ìjì’ láìrò ó wò. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nínú èdè wa, ‘ojú ogun’ ni ibi tí ogun ti gbóná jù. ‘Ojú ìjà’ ni ibi tí a ti ń jà. Etí Yorùbá yóò gbọ́ ‘ojú ìjì’, yóò sì rò pé ibi tí ìjì ti le jù ni, òdìkejì ohun tí a fẹ́ sọ. Bí a bá sọ fún un pé kí ó má jáde nígbà tí ó bá wà lójú ìjì, yóò gbà; ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dákẹ́, yóò jáde. Nítorí náà a dábàá ‘ìdákẹ́ agbedeméjì’. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé apá kan ṣì kù.

Ní ti omi, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ni Ògùnpa kún ya Ìbàdàn lẹ́yìn òjò bíi wákàtí mẹ́wàá. Àwọn tí ó bá omi lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Oyún mi wà nínú ìyá mi nígbà náà. Láti ìgbà náà ni ‘omíyalé’ ti di orúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀, wọ́n sì tún pè é bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí àwọn afárá sì wó. Odindi gbólóhùn ni a fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ yìí: omi ya ilé. Ilé ni ó tọ́ka sí. Ẹni tí ó wà lójú títì nínú ọkọ̀ lè gbọ́ ọ kí ó má kà á sí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí àkúnya omi ń pa, inú ọkọ̀ ni ó ti ń bá wọn. Omi tí ń ṣàn, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tí ó tó 30, gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé, lè mú ọkọ̀ kékeré léfòó. Èyí tí ó tó 60 lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ lọ. A rò pé kí ‘omíyalé’ dúró fún omi tí ó wọ ilé, kí ‘àkúnya odò’ dúró fún odò tí ó ré bèbè rẹ̀ kọjá, kí a sì pe èyí tí òjò ńlá ń dà sílẹ̀ lójijì ní ‘àgbàrá òjijì’. Ti ìkẹyìn yìí ni kí rédíò máa pè fún awakọ̀.

Fún ìkéde méjì ti ìṣáájú, ‘ìtalólobó’ ni a yàn fún èyí tí ń sọ pé ó ṣeé ṣe. ‘Ìkìlọ̀’ kí ó wà fún èyí tí ń sọ pé ó ń bọ̀. Ní ti ìjì àyípo òkun, ti àkọ́kọ́ a máa jáde ní wákàtí 48 kí afẹ́fẹ́ líle tó dé, ti èkejì ní wákàtí 36. Ẹni tí a bá ta lólobó yóò pọn omi, yóò kó oògùn àti ìwé pàtàkì sínú àpò, yóò sì ro ilé ẹni tí yóò sùn sí. Ẹni tí a bá kìlọ̀ fún kò ní àkókò fún ìwọ̀nyí mọ́.

Nígbà tí àṣẹ dé pé kí àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi fi ilé sílẹ̀, ó wí fún ìyá wa pé, “Màmá, wọ́n ní kí á kó kúrò nílé.” Ìyá wa bínú: “Ta ni a bá jà?” Ẹni tí ó kó kúrò nílé nínú èdè wa, ó kó lọ pátápátá ni, ìjà tàbí owó ilé ni ó sì sábà ń fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé títí. Nígbẹ̀yìn ìyá wa ní, “Ṣé kí á yàgò fún omi ni ẹ ń wí?” Ó ti dìde kí wọ́n tó dáhùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti rí ‘ìyàgò’. A ń yàgò fún eégún àti fún ọba. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, a ó sì padà sí ọ̀nà wa nígbà tí ó bá kọjá.

Ìpadàbọ̀ tún ní ewu tirẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì ń bo ewu náà mọ́lẹ̀. Ọ̀kan ni ‘omi mímọ́’. Ohun tí ojú rí ni ‘mọ́’ ń sọ. Ní ilé wa, a máa ń ju álọ́ọ̀mù sínú omi kànga títí yóò fi tòrò, a ó sì ní ó ti mọ́. Álọ́ọ̀mù ń fa ìdọ̀tí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa kòkòrò àìfojúrí tí ń fa onígbáméjì, omi tí ó ya ilé sì ti gba inú ṣáláńgá kọjá. ‘Omi aláìlárùn’ ni kí a máa wí, kí a sì fi kún un pé a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó hó kùtùkùtù fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan. Bákan náà ni èlùbọ́ àti gaàrí tí omi náà kàn: oòrùn yóò gbẹ omi inú wọn, kò ní kó ìgbẹ́ inú wọn. Kí a dà wọ́n nù, bí ó tilẹ̀ dun ni.

Èyí tí ó le jù ni ti ẹ̀rọ amúnáwá. Lẹ́yìn ìjì, iná ìjọba á lọ, àwọn ènìyàn á sì gbé ẹ̀rọ yìí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò àti olè. A máa ń kìlọ̀ fún wọn pé ‘èéfín’ rẹ̀ ń pani. Wọn á wò yíká, wọn kò ní rí èéfín, wọn á sì sùn. Ohun tí ń pani, kábọ́nù mọ̀nọ́kísáídì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ṣíṣí fèrèsé kò tó láti gbani lọ́wọ́ rẹ̀; ìta gbangba ni kí ẹ̀rọ náà wà, ó kéré tán mítà 6 sí ilé, kí ojú ibi tí ń tú afẹ́fẹ́ jáde má sì kọ sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, ti aládùúgbò pẹ̀lú. Àbá wa fún un ni ‘afẹ́fẹ́ apanimáyọdà’. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka kẹ́mísírì ní orúkọ náà kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí a fi èédú àti ọ́síjìn ṣẹ̀dá rẹ̀. Kí wọ́n lo tiwọn nínú ìwé kíláàsì. Tiwa ni kí rédíò gbà, a sì ń retí èsì wọn nínú ojú-ìwé wọ̀nyí.